Ṣé guinea ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, àbí sovereign? Ọ̀rọ̀ owó wúrà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù

Ará Woolwich

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́, mi ò sì fẹ́ kó kàn jókòó sí báńkì lásán. Owó wúrà àtijọ́ ti àwọn òyìnbó ni mo fẹ́ máa rà, díẹ̀díẹ̀. Guinea ló wà lọ́kàn mi, torí wọ́n ní wúrà Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe é, orúkọ etíkun wa ló sì ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yé dá ara mi láàmú, wúrà pẹlẹbẹ ni kí n lọ rà, pé ìtàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tà. Ẹnì kan sì ti ń fi guinea ọdún 1797 lọ̀ mí, wọ́n ti jó òrùka kékeré mọ́ ọn lórí kó lè ṣe é fi kọ́ ọrùn. Owó tó ń pè kò wọ́n rárá. Ṣé kí n rà á?

———

Akówójọ

Má tíì sanwó, àbúrò. Yí i padà, kí o kọ gbogbo lẹ́tà tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká síbí fún wa, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Tí o bá rí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, wọ̀n ọ́n. "Kò wọ́n rárá" tí o sọ yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Kí o tó dáhùn, jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wúrà Áfíríkà yẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo guinea ló kàn. Ọdún 1663 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní London, nígbà ọba Charles Kejì. Wúrà tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kó bọ̀ láti etíkun tí wọ́n ń pè ní Guinea wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, pàápàá láti apá ibi tó di Gánà lónìí. Èyí tí wúrà rẹ̀ bá gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ọba fún láṣẹ láti ṣòwò Áfíríkà, wọ́n á fi erin kékeré kan sábẹ́ orí ọba. Nígbà tó yá, erin náà gbé ilé ìṣọ́ lẹ́yìn. Àmì ilé-iṣẹ́ yẹn ni. Guinea tí kò bá ní erin, kò sẹ́ni tó lè fojú wò ó kó sọ ibi tí wúrà rẹ̀ ti wá. Ti 1797 kò ní erin. Èyí tó ní in, ibi gbàǹjo lo ti máa bá a, àwọn tó ń du ú kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Iye owó náà pàápàá kò dúró sójú kan. Ṣílè 20 ni wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gòkè dé nǹkan bí 30 láàárín ọdún 1690 sí 1700, kí ìjọba tó so ó mọ́ 21 ní 1717. Ní ayé ti 1797 tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ yìí, ṣílè 21 ni.

———

Oníwúrà Balógun

Ọ̀rẹ́ ẹ sọ òótọ́. Ìdí wúrà ni wọ́n bí mi sí. Bí o bá gbé owó ọba wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, màá gbé e lé òṣùwọ̀n, màá wo káràtì rẹ̀, màá sì sanwó gíráàmù fún ọ. Orí ọba kì í fi kún ìwọ̀n.

———

Akówójọ

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá òṣùwọ̀n yín jà. Ọjà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo sovereign, owó wúrà mìíràn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1817 tí wọ́n ti dá a padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà: gíráàmù 7.98, káràtì 22, wúrà ògidì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.32, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22. Nígbà tí wọ́n ń ná an lọ́jà, bó bá ti jẹ lọ tí kò pé 7.937 mọ́, òfin kò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni gbà á lówó. Títí dòní, òǹkà yẹn ni mo fi ń mọ èyí tí ọwọ́ ti jẹ ju.

Ó dáa, ẹ mú méjì tó jẹ́ ọdún 1917, orí ọba George Karùn-ún lójú, St George lórí ẹṣin tó ń gún drágónì lẹ́yìn. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ilẹ̀ tí ẹṣin náà dúró lé, lókè ibi tí wọ́n kọ ọdún sí gan-an. Tí ẹ bá rí lẹ́tà S tín-ín-rín, Sydney ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. M jẹ́ Melbourne, P jẹ́ Perth, C jẹ́ Kánádà. Tí ilẹ̀ yẹn bá mọ́ lóló, London ni. Ti Ọsirélíà pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Ti London ọdún yẹn ṣọ̀wọ́n, ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń kó wúrà pamọ́. Gíráàmù 7.32 ni wúrà inú àwọn méjèèjì. Lórí òṣùwọ̀n yín, ẹ̀gbọ́n, ìbejì ni wọ́n. Níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀kan lè ra ogunlọ́gọ̀ èkejì.

Ìdí kan náà ló fà á tí àwọn oníjìbìtì fi máa ń ha lẹ́tà yẹn kúrò lára ti Ọsirélíà. Torí náà, bí 1917 tí kò ní lẹ́tà bá dé iwájú yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ wo ilẹ̀ yẹn bóyá ó dán ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí bóyá ó tẹ̀ wọnú.

———

Ará Woolwich

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yí i padà. Asà tó rí bíi ṣọ́bìrì ló wà láàárín, adé wà lókè rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ yí i ká nìyí: IN MEMORY OF THE GOOD OLD DAYS 1797. Ẹni tó ń tà á ní bàbá bàbá òun ló ni ín. Kò jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n.

———

Akówójọ

Gbé e fún un padà. Idẹ ni.

Guinea tí George Kẹta tẹ̀ láti 1787 sí 1799 ni wọ́n ń fi ṣe àwòkọ rẹ̀. Torí asà tó rí bíi ṣọ́bìrì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń kó o jọ ṣe ń pè é ní spade guinea. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ní Birmingham àti káàkiri, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń fi káàdì ṣeré, kí wọ́n lè máa fi ka ayò dípò owó. Kì í ṣe jìbìtì ni wọ́n fi ṣe nígbà náà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé ìrántí ayé àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ń bá a nínú àpótí tí wọ́n ń pè é ní wúrà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tà á fún ọ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ojúlówó, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, oyè ọba tí wọ́n gé kúrú: M.B.F.ET.H.REX.F.D.B.ET.L.D.S.R.I.A.T.ET.E. Àwọn kan nínú ti idẹ a máa gbìyànjú láti kọ èyí náà, ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Gíráàmù 8.35 tàbí díẹ̀ sí i ni ojúlówó, káràtì 22. Ti idẹ fẹ́ẹ́rẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá sì ní òun ò gbà kí o wọn ọjà òun, ó ti dá ọ lóhùn.

Ká tilẹ̀ ní ojúlówó ni, òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn lórí ti ba ọ̀pọ̀ iye rẹ̀ jẹ́. Iná tó fi lẹ̀ á yọ́ ìgbátí rẹ̀, á pa lẹ́tà kan tàbí méjì rẹ́. Bí wọ́n bá yọ òrùka náà tí wọ́n fi fáìlì ha á, ojú ibẹ̀ á máa dán gbirigbiri lókè orí ọba, ní aago 12. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ọdún. Mi ò sọ pé kí èèyàn má rà á o. Bí owó rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ, ohun tó dáa ni láti fi kọ́ ojú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gba owó guinea tó mọ́ lọ́wọ́ rẹ lórí rẹ̀.

———

Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kó mọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín ni mo fi ń fọ tèmi, ó sì ń kọ mànà. Kí ló burú níbẹ̀?

———

Akówójọ

Ẹ dákun, ẹ má ṣe é mọ́.

Wúrà kì í dípẹtà. Ohun tí ẹ ń rí tó dà bí ìdọ̀tí lára owó ọlọ́dún 150, apá kan bàbà inú rẹ̀ ni, apá kan sì jẹ́ àwọ̀ tí ọdún fi sí i lára, òun ni àwọn tó ń rà á sì ń wò. Ọṣẹ ìfọyín ní yanrìn kúnnákúnná nínú. Ẹ gbé èyí tí ẹ fọ̀ sábẹ́ iná tábìlì, kí ẹ máa yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀: ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín bíi irun, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba àti lórí pápá tó ṣófo níwájú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè dá ìyẹn padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i kí ẹ tó lanu.

Bí ọ̀rá ọwọ́ tàbí gọ́ọ̀mù bá wà lára rẹ̀, ẹ rì í sínú acetone ògidì níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kúrò nítòsí iná. Ẹ má fi ohunkóhun ra á. Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Etí lẹ ó máa fi ìka dì mú, kì í ṣe ojú. Ẹ sì kó wọn kúrò nínú àwọn báàgì rọ́bà tó rọ̀ bíi ti ìwé àwòrán àtijọ́. PVC inú wọn máa ń sun omi aláwọ̀ ewé sára owó.

———

Ará Berlin

Kí ló dé tí gbogbo yín ń ti Ìlú Ọba bọ̀? Ducat, owó wúrà Austria, ni ọ̀gá. Ọdún 1915, ojú ọba wọn Franz Joseph, wúrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì, owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti wúrà.

———

Akówójọ

Gbogbo ohun tí o sọ pé ló rí, àfi ọdún yẹn. Franz Joseph kú ní 1916, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wó Vienna kò tíì yé tẹ ducat tó ní 1915 lára. Àtúntẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wó ìjọba ló ṣe é, wúrà inú rẹ̀ pé, 986 nínú 1000, torí náà ẹni tó bá ń pè é ní ayédèrú kò ṣe dáadáa. Ẹni tó bá sì ń tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nígbà ogun àgbáyé kìíní, irọ́ ló ń pa. Fún ẹni tó ń wá gíráàmù, ó dáa. Ẹ ṣọ́ra fún oní-ducat-mẹ́rin: gíráàmù 13.96 lórí abala tó fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó tín-ín-rín débi pé bó bá já bọ́ lọ́wọ́, ó lè tẹ̀.

Àwọn Faransé náà ṣe é. Owó francs 20 wọn, tó ní ojú Marianne, obìnrin tí wọ́n fi ṣe àmì Faransé, níwájú àti àkùkọ lẹ́yìn, ọdún 1899 sí 1914 ló wà lára rẹ̀. Láàárín ọdún 1951 sí 1960, wọ́n tún tẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1907 sí 1914. Etí rẹ̀ ni ẹ fi máa bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn yìí. Ẹ gbé e dúró bí ẹni fẹ́ yí táyà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí etí náà. Èyí tó bá sọ pé DIEU PROTEGE LA FRANCE (kí Ọlọ́run dáàbò bo Faransé), ti 1899 sí 1906 ni, wọn kò tún un tẹ̀. Èyí tó bá sọ pé LIBERTE EGALITE FRATERNITE, ó lè jẹ́ ti 1910, ó sì lè jẹ́ ti 1957. Owó kan náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tà wọ́n, láìyà á sọ́tọ̀! Tí wọ́n bá ní kí n yàn nínú àwo kan, ti Ọlọ́run yẹn ni mo máa ń ṣà.

Èyí ló gbé mi dé ohun tí mo fẹ́ sọ fún Ará Woolwich gan-an. Kó o tó lọ wá guinea, kó francs 20 jọ. Ní 1865, Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Ítálì àti Switzerland fẹnu kò pé ìwọ̀n owó wúrà wọn á jẹ́ ọ̀kan: gíráàmù 6.45, wúrà 900 nínú 1000, ìyẹn gíráàmù 5.8 wúrà ògidì. Gíríìsì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. O lè ra èyí tó ní ojú Napoleon Kẹta ti Faransé, kí o ra Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù, kí o ra Umberto ti Ítálì, kí o ra ọmọbìnrin onírun dídì ti Switzerland tí wọ́n ń pè ní Vreneli. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ìwọ̀n kan. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ayédèrú, àwọn yòókù ló máa tú u fó níwájú rẹ. Èmi ò mọ ilé-ìwé tó tún dáa ju ìyẹn lọ, owó ilé-ìwé náà kò sì nù, torí wúrà ni.

———

Oníwúrà Balógun

O ṣì ń yí padà sí ìwọ̀n níkẹyìn, àbúrò. Ìwọ̀n ni!

———

Akówójọ

Ìwọ̀n ni ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ̀yin pàápàá mọ̀ pé kò tó. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn kan ní Beirut ń tẹ ayédèrú sovereign tí wúrà inú rẹ̀ pé tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Òṣùwọ̀n á gbà á, ásíìdì á gbà á, ojú ni kò ní gbà á. Lẹ́tà wọn máa ń wú bíi búrẹ́dì, ojú drágónì á ṣókùnkùn, okùn ìjánu ẹṣin á dàpọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mú ojúlówó lọ́wọ́ dáadáa kò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ wúrà pẹlẹbẹ tí ọ̀rẹ́ Ará Woolwich sọ nìyí. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní tungsten, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó wúrà ògidì, ìdí nìyẹn tí àwọn olè fi ń fi í sínú wúrà pẹlẹbẹ. Wúrà káràtì 22 fúyẹ́ jù ú lọ nítorí bàbà inú rẹ̀, torí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi tungsten ṣe inú sovereign, yálà kó wúwo jù tàbí kó kéré jù. Òṣùwọ̀n àti kálípà máa tú u. Àǹfààní kan tí owó àtijọ́ ní nìyẹn tí àwọn ènìyàn kì í sọ.

———

Ọmọ Ẹlẹ́ran

Mo ti ń ka gbogbo èyí, inú mi ò sì dùn. Ilé-iṣẹ́ elérin tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé kì í ṣe àwọn ló ń kó ẹrú? Báwo ni èèyàn dúdú ṣe máa ra irú owó bẹ́ẹ̀ kó máa pè é ní tiwa?

———

Akówójọ

Àwọn ni. Royal African Company, wúrà, eyín erin àti èèyàn ni wọ́n ń kó. Erin abẹ́ orí ọba yẹn, àmì tí wọ́n fi ń ṣòwò ẹrú náà ni. Mi ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ọ̀ṣọ́ láìmọ̀ ọ́n.

Ti Potogí tún súnmọ́ wa jù ú lọ. Àwọn tó ń kó owó jọ fẹ́ràn owó réis 6400 ti àwọn ọba wọn, João Karùn-ún àti José Kìíní, owó ńlá, ó lé ní gíráàmù 14, káràtì 22. Wo abẹ́ orí ọba: R ni Rio, B ni Bahia, Brazil ni méjèèjì wà. Wúrà tí wọ́n wà ní Minas Gerais ni, ọwọ́ ẹrú ló sì wà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí wọ́n kó láti etíkun Ouidah (ní Benin tòní) àti agbègbè rẹ̀ lọ sí Bahia. Púpọ̀ wúrà yẹn gba Lisbon kọjá dé London, wọ́n sì fi tẹ guinea. Nítorí náà guinea tí kò ní erin náà ò bọ́.

Èmi ń kó wọn jọ. Mo gbà pé ọwọ́ wa ni ẹ̀rí yẹn ṣe yẹ kó wà, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ ohun tó jẹ́, ju kó wà nínú àpótí ẹni tó ń wo dídán rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, mi ò ní bá a jiyàn.

———

Jẹ́jẹ́

Ọ̀rọ̀ owó orí ńkọ́? Àti àwọn onípáálí ike tó ń bá owó wá láti Amẹ́ríkà?

———

Akówójọ

Owó orí, ní kúkúrú, fún ẹni tó wà ní Ìlú Ọba: sovereign tí wọ́n tẹ̀ láti 1837 wá, tí o bá tà á ní èrè, ìjọba kò gba owó orí lórí èrè náà, torí ó ṣì jẹ́ owó tí òfin mọ̀. Francs àti ducat kò ní àǹfààní yẹn. Ti VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, owó wúrà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn 1800, tí wúrà rẹ̀ tó 900 nínú 1000, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti ná rí, tí owó rẹ̀ kò sì fi ju ìdá 80 nínú 100 lọ lórí iye wúrà inú rẹ̀, kò sí VAT lórí rẹ̀. Guinea 1797 ti ṣubú síta nítorí ọdún. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó san.

Ike tí wọ́n ti dí owó pa sínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò ló ń ṣe é, PCGS àti NGC ló gbajúmọ̀ jù, òǹkà 1 sí 70 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀ láti sọ bí owó náà ṣe dáa tó. Fún sovereign tó wọ́pọ̀, owó rẹ ni o ń fi ṣòfò, ike lo rà. Fún 1917 ti London, tàbí guinea elérin, mi ò ní rà á láìsí i. Kí o sì yẹ nọ́ńbà inú ike náà wò lórí ojú-òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí àwòrán ibẹ̀ bá ti ọwọ́ rẹ mu, torí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ike náà.

———

Ará Woolwich

Mo ti dá idẹ náà padà. Ó bínú díẹ̀. Mo ti rí francs 20 kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọdún 1904. Wọ́n jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, 6.44. Etí rẹ̀ sọ pé DIEU PROTEGE LA FRANCE.

———

Akówójọ

Rà á, bí owó rẹ̀ kò bá jìnnà sí ti wúrà lọ́jọ́ yẹn. Gba rìsíìtì tó kọ ọdún àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Kí o sì ní ìwé kan nílé: ohun tó jẹ́, ìwọ̀n, iye tí o rà á, ibi tí lẹ́tà tàbí àmì rẹ̀ wà, ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ bá tí wọ́n bá fẹ́ tà á. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ ibi tí ìwé náà wà. Ọ̀pọ̀ owó tó ṣọ̀wọ́n ló ti wọ iná alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn ìsìnkú, torí ẹni tó kó o jọ nìkan ló mọ ohun tó jẹ́.